Bí A Ṣe Ń Kẹ́kọ̀ọ́ Lára Àwọn Tí Bíbélì Kàn Mẹ́nu Bà Kọjá

Púpọ̀ nínú wa ni Ọlọ́run kò ní rán sí Fáráò láé. A kò ní na ọ̀pá sórí òkun kó pín sí méjì, bẹ́ẹ̀ ni kò sí Gòláyátì kankan tó ń retí wa ní àfonífojì. Ohun tó ń já lé wa lọ́wọ́ lójoojúmọ́ kéré ju ìyẹn lọ: lẹ́tà tí wọ́n ní ká bá ẹnìkan kọ, ẹni tó wà látìmọ́lé tí gbogbo ojúlùmọ̀ ti sá fún, ọ̀rọ̀ ibi kan tí etí wa ṣèèṣì gbọ́, ọ̀gá tó yẹ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún. Síbẹ̀, ọ̀dọ̀ Mósè àti Dáfídì nìkan la ti ń wá ẹ̀kọ́, a ó wá máa fi tipátipá gbé ìtàn wọn wọ̀ bí ẹ̀wù tí kò bá ni mu.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn bá tiwa mu wà nínú Bíbélì kan náà. Ẹlòmíràn nínú wọn kò ní ju ẹsẹ kan lọ, ẹlòmíràn kò tilẹ̀ ní orúkọ. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún ẹni tó bá fẹ́ kẹ́kọ̀ọ́ lára wọn, ì báà jẹ́ fún ara rẹ̀, ì báà jẹ́ pé òun ló ń darí ẹ̀kọ́ Bíbélì nílé tàbí nínú ìjọ. Ẹ kò nílò ju Bíbélì, ìwé kékeré kan àti kálámù lọ. Bí áàpù Bíbélì bá wà lórí fóònù yín, yóò dín wàhálà wíwá orúkọ kù.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ padà síbi tí ẹ máa ń fò

Àwọn tí à ń wí yìí kì í sábà ní orí tiwọn. Inú àtòjọ orúkọ ni ọ̀pọ̀ wọn wà, níbi tí ó ti máa ń sú wa tí a ó sì ṣí ìwé kọjá: Nehemáyà orí 3, 2 Sámúẹ́lì orí 23, Róòmù orí 16, Kólósè orí 4, ìparí 2 Tímótì. Ẹ mú ọ̀kan, ẹ kà á sókè, ẹ má kánjú. Nígbàkígbà tí òǹkọ̀wé bá fi nǹkan kan kún orúkọ ènìyàn, bóyá iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni o, bóyá àwọn ọmọ rẹ̀, bóyá ibi tó dúró sí, ẹ fa ìlà sí i nídìí.

Ẹ jẹ́ ká lo Nehemáyà 3, nítorí kò sí orí tó máa ń sú ènìyàn tó o. Odi Jerúsálẹ́mù ni wọ́n ń tún mọ níbẹ̀, orí 6:15 sì sọ pé ọjọ́ 52 ni wọ́n fi parí rẹ̀. Ta wá ló mọ ọ́n? Ní ẹsẹ 8, Úsíélì alágbẹ̀dẹ wúrà wà níbẹ̀, Hananáyà tó ń po òróró olóòórùn dídùn sì tẹ̀ lé e. Kò sí ẹni tó kọ́ṣẹ́ bíríkìlà nínú àwọn méjèèjì. Ní ẹsẹ 12, Ṣálúmù, olórí ìdajì agbègbè Jerúsálẹ́mù, ṣe apá tirẹ̀, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ní ẹsẹ 5, àwọn ará Tékóà ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn ọlọ́lá wọn kọ̀ láti fi ọrùn wọn sábẹ́ iṣẹ́ náà. Ẹ tún wo iye ìgbà tí a sọ pé ẹnìkan tún ọ̀kánkán ilé ara rẹ̀ ṣe. Nígbà tí yóò fi di ẹsẹ 30, a kan Méṣúlámù ọmọ Berekáyà, ẹni tó tún ọ̀kánkán yàrá rẹ̀ ṣe. Yàrá, kì í ṣe ilé.

Ènìyàn kan ṣoṣo ni kí ẹ mú jáde nínú àtòjọ náà. Ẹni tó bá mú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan náà yóò há orúkọ márùn-ún sórí, kò sì ní mọ ẹnìkankan. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni pé kó fi Jábésì sílẹ̀ ná. Ẹsẹ méjì péré ni 1 Kíróníkà 4:9-10 fi sọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwàásù tí wọ́n ti wà lé e lórí pọ̀ débi pé ó ṣòro kí ènìyàn tó gbọ́ ohun tí ẹsẹ náà fúnra rẹ̀ ń wí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ kó gbogbo ibi tó ti jáde jọ

Ẹ tẹ orúkọ náà sínú áàpù, tàbí kí ẹ lo ìwé atọ́ka ọ̀rọ̀ Bíbélì. Bí kò bá jáde, ẹ tẹ ìdajì rẹ̀, torí pé Bíbélì àtijọ́ àti ti òde òní kì í kọ orúkọ bákan náà nígbà gbogbo. Ẹ kọ gbogbo ẹsẹ tí ẹ bá rí sínú ìwé.

Ẹ ṣọ́ra fún ajórúkọ. Ánáníyà mẹ́ta ló wà nínú Ìṣe Àwọn Àpọ́sítélì: ọkọ Sáfírà tó purọ́ nípa owó ilẹ̀ (orí 5), ọmọ ẹ̀yìn tó ń gbé ní Damásíkù (orí 9), àti olórí àlùfáà tó ní kí wọ́n gbá Pọ́ọ̀lù lẹ́nu (orí 23). Orúkọ bàbá, ìlú, iṣẹ́ àti àsìkò ni ẹ ó fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀ síra.

Èrè ìgbésẹ̀ yìí ju wàhálà rẹ̀ lọ. Ẹ wo Méṣúlámù tí a fi sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Nehemáyà 3:4 ti kọ́kọ́ dárúkọ rẹ̀ níbòmíràn lára odi náà, nítorí náà apá méjì ló ṣe. Nígbà tí ẹ bá dé orí 6:18, ẹ ó tún bá a pàdé: Jèhóhánánì ọmọ Tòbáyà ló fẹ́ ọmọ Méṣúlámù níyàwó. Tòbáyà yìí kan náà ló sì ń fi odi náà ṣe ẹlẹ́yà, tó ń kọ lẹ́tà láti dẹ́rù ba Nehemáyà. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ ti yí padà? Ọkùnrin tó ń gbé òkúta kalẹ̀ lójú odi nìyí, àna rẹ̀ sì ni ọ̀kan lára àwọn olórí ọ̀tá iṣẹ́ náà. Bíbélì kò sọ bóyá Méṣúlámù ń ti Tòbáyà lẹ́yìn tàbí kò tì í. Ó kàn sọ pé ìdè àna wà láàárín wọn, ó sì sọ pé ó ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ẹni tí àwọn ẹbí rẹ̀ kò fara mọ́ ìgbàgbọ́ rẹ̀ yóò rí ohun púpọ̀ rò níbẹ̀.

Bárúkù náà ńkọ́? Akọ̀wé Jeremáyà la mọ̀ ọ́n sí. Jeremáyà 36 ni wọ́n sì máa ń kà: ọba Jèhóákímù jókòó sínú ilé ìgbà òtútù ní oṣù kẹsàn-án, iná ń jó níwájú rẹ̀, bí Jéhúdì bá ti ka ewé mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú ìwé náà, ọba á fi ọ̀bẹ akọ̀wé gé e, á jù ú sínú iná, títí ìwé náà fi jóná tán. Bárúkù tún jókòó, ó kọ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n sì fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ púpọ̀ kún un. Ìyẹn nìkan tó ẹ̀kọ́ fún ẹni tí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́ rí. Àmọ́, ẹ fi Jeremáyà 32:12 sẹ́gbẹ̀ẹ́ Jeremáyà 51:59. Bárúkù jẹ́ ọmọ Neráyà, ọmọ Maséyà. Séráyà, ìjòyè tó bá ọba Sedekáyà lọ sí Bábílónì, jẹ́ ọmọ Neráyà, ọmọ Maséyà. Bàbá kan náà ló bí wọn. Ilé tí oyè kò jìnnà sí ni Bárúkù ti jáde, òun sì nìyí tó ń sá pamọ́ nítorí ìwé wòlíì.

Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó wá ka orí 45, tí kò ju ẹsẹ márùn-ún lọ. Bárúkù ń kérora níbẹ̀ pé ó rẹ òun, òun kò rí ìsinmi. Olúwa kò bá a jiyàn lórí àárẹ̀ náà. Ó bi í léèrè pé ṣé ohun ńlá ló ń wá fún ara rẹ̀, ó ní kó má wá a, pé ẹ̀mí rẹ̀ ni òun yóò fi fún un níbikíbi tó bá lọ. Ẹni tó ti wo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ń gòkè, nígbà tí òun wà nídìí iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò rí, kò nílò alálàyé lórí orí yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ka ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀ lé e

Ẹsẹ tó sọ̀rọ̀ ènìyàn kì í sábà sọ bí ìlú ṣe rí nígbà tó ṣe ohun tó ṣe. Ẹ padà sẹ́yìn lórí kan, ẹ lọ síwájú lórí kan, kí ẹ sì dáhùn nǹkan mẹ́ta yìí: Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nílùú? Ọwọ́ ta ni agbára wà? Kí ni àwọn yòókù tí wọ́n rí ọ̀ràn náà ṣe?

Ẹ fi dán Ebedi-Meleki wò nínú Jeremáyà 38. Àwọn ará Bábílónì ti dó ti Jerúsálẹ́mù, oúnjẹ ti ń tán lọ nílùú. Àwọn ìjòyè mú Jeremáyà, wọ́n fi okùn sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú kànga Málíkíjà tó wà ní àgbàlá àwọn ẹ̀ṣọ́. Kò sí omi níbẹ̀, ẹrẹ̀ ló wà níbẹ̀, Jeremáyà sì rì sínú ẹrẹ̀ náà. Ọba Sedekáyà ti yọwọ́ kó tó dìgbà yẹn: ó ní ọwọ́ wọn ni ọkùnrin náà wà, ọba kò lè ṣe ohunkóhun lòdì sí wọn. Ọba nìyẹn o.

Ebedi-Meleki ní tirẹ̀ jẹ́ ará Kúṣì, ìwẹ̀fà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé ọba. Àjèjì ni. Ó gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Ọba jókòó ní Ẹnubodè Bẹ́ńjámínì lọ́jọ́ náà. Ebedi-Meleki kò dúró kó padà sílé, ó jáde lọ bá a níbẹ̀, ó sì sọ ọ́ láìfi bọpo bọyọ̀ pé ohun búburú ni àwọn ọkùnrin wọ̀nyí ṣe sí Jeremáyà, ebi ni yóò pa á síbi tó wà. Ọba yí ohùn padà, ó ní kó mú ọgbọ̀n ọkùnrin dání kí wọ́n lọ yọ wòlíì náà.

Ẹsẹ 11 àti 12 ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́. Ebedi-Meleki kò sáré lọ tààrà sídìí kànga. Ó kọ́kọ́ yà sí yàrá kan lábẹ́ ilé ìṣúra, ó ṣa àkísà àti ògbólógbòó aṣọ jọ, ó fi okùn sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sí Jeremáyà, ó sì ké sí i pé kó tẹ́ wọn sábẹ́ abíyá rẹ̀, kí okùn lè wà lórí aṣọ. Ẹni tó ti wà nínú ẹrẹ̀, tí ebi ti sọ di aláìlágbára, bí wọ́n bá fi okùn lásán fà á, yóò jáde, ṣùgbọ́n tòun ti egbò ni. Ọkùnrin yìí ti ro ìyẹn kó tó fẹsẹ̀ tẹ àgbàlá. Ìgboyà rẹ̀ níwájú ọba ni àwọn oníwàásù máa ń yìn, ó sì yẹ ní yíyìn. Lójú tèmi, àwọn àkísà yẹn ló sún mọ́ wa jù. Kì í ṣe gbogbo wa la ó bá ọba sọ̀rọ̀, àmọ́ gbogbo wa la máa ń ran ẹnìkan lọ́wọ́ láìro ibi tí okùn yóò ti bó o lára. Ẹni tó san gbèsè ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wá ń sọ ọ́ káàkiri ti fa ọ̀rẹ́ náà jáde lóòótọ́. Ẹni tó kí aláìsàn, tó jókòó títí aláìsàn fi ń wá bí yóò ṣe sùn, òun náà ṣe oore. Àkísà ni kò rántí mú dání.

Bí ẹ bá dúró ní orí 38, ẹ kò ní rí bó ṣe parí. Orí 39:15-18 sọ pé Olúwa ránṣẹ́ sí Ebedi-Meleki nípasẹ̀ Jeremáyà pé ìlú yóò ṣubú, ṣùgbọ́n òun yóò gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ẹ̀rù wọn ń bà á. Gbólóhùn yẹn ló jẹ́ ká mọ̀ pé ẹ̀rù ń bà á ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ pín ojú ìwé sí méjì

Ẹ fa ìlà sí àárín ojú ìwé. Apá òsì ni ohun tí a kọ sínú Bíbélì, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹsẹ rẹ̀. Apá ọ̀tún ni ohun tí ẹ gbọ́ nínú ìwàásù, tí ẹ rí nínú fíìmù, tàbí tí ẹ kàn rò. Bí nǹkan kan kò bá ní nọ́ńbà ẹsẹ, apá ọ̀tún ni ibùgbé rẹ̀, bó ti wù kó dùn tó.

Ìgbésẹ̀ yìí máa ń bí àwọn kan nínú. Dọ́káàsì ti Jópà, fún àpẹẹrẹ: a kọ ọ́ pé ọmọ ẹ̀yìn ni, pé ó kún fún iṣẹ́ rere àti ìtọrẹ àánú, pé àwọn opó dúró ti Pétérù, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń fi aṣọ tí ó dá hàn án (Ìṣe 9:36-42). Pé òun náà jẹ́ opó, pé olówó ni, pé kò bímọ: kò sí níbẹ̀. Rúfọ́ọ̀sì inú Róòmù 16:13 náà ńkọ́? Ọ̀pọ̀ gbà pé òun ni ọmọ Símónì ará Kírénè tó gbé àgbélébùú Jésù, nítorí Máàkù 15:21 dárúkọ Rúfọ́ọ̀sì kan láàárín àwọn ọmọ Símónì. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Apá ọ̀tún ni ẹ ó kọ ọ́ sí.

Démà ni wọ́n máa ń fi ṣe àṣìṣe jù. Fílémónì 24 pè é ní alábàáṣiṣẹ́, Kólósè 4:14 kàn dárúkọ rẹ̀, 2 Tímótì 4:10 sì sọ pé ó fẹ́ràn ayé ìsinsìnyí, ó kọ Pọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó lọ sí Tẹsalóníkà. Àwọn kan á ní dídárúkọ lásán inú Kólósè fi hàn pé iná rẹ̀ ti ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Àmọ́ ìkíni Fílémónì àti ti Kólósè fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ orúkọ àwọn ènìyàn kan náà. Àsìkò kan náà ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ fi àwọn lẹ́tà méjèèjì sí. Ohun tí a ní lọ́wọ́ kò ju pé ó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, ó sì lọ. Ìyẹn gan-an tó láti mú ènìyàn bojú wo ara rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ bi ẹni náà ní ìbéèrè mẹ́rin

Ta ló rán an? Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Kí ló lè ná an? Ibo ni iṣẹ́ tirẹ̀ parí sí?

Ìdáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́ máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Ánáníyà ti Damásíkù rí ìran, ó sì kọ́kọ́ ṣàlàyé fún Olúwa pé ẹni burúkú ni Sọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú àwọn yòókù kò gbọ́ ohùn kankan, ó kéré tán a kò kọ ọ́ pé wọ́n gbọ́. Wọ́n rí nǹkan, wọ́n dìde. Ẹni tó ti ń retí àlá kó tó lọ wo ẹni tó wà nílé ìwòsàn, kó ka àwọn ìtàn wọ̀nyí dáadáa.

Ẹ fi ìbéèrè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dán ọmọ arábìnrin Pọ́ọ̀lù wò (Ìṣe 23:12-24), ẹni tí Lúùkù kò dárúkọ rẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó ju ogójì lọ ti búra pé àwọn kò ní jẹ, àwọn kò ní mu, àfi bí àwọn bá pa Pọ́ọ̀lù. Ọmọkùnrin yìí gbọ́. Ta ló rán an? A kò rí ẹni tó rán an. Kí ló wà lọ́wọ́ rẹ̀? Ọ̀rọ̀ lásán. Kí ló lè ná an? Ẹ̀yin náà ẹ ro bí ogójì ènìyàn tó ti búra ṣe máa ṣe sí ẹni tó tú wọn fó. Ibo ni tirẹ̀ parí sí? Ó wọ inú àgọ́ àwọn ọmọ ogun, ó sọ fún Pọ́ọ̀lù. Pọ́ọ̀lù ní kí balógun ọ̀rún kan mú un lọ sọ́dọ̀ olórí ogun. Olórí ogun fà á lọ́wọ́ lọ sí kọ̀rọ̀, ó gbọ́ tẹnu rẹ̀, ó sì kìlọ̀ fún un pé kó má sọ fún ẹnikẹ́ni. Lálẹ́ ọjọ́ náà, igba ọmọ ogun, àádọ́rin ẹlẹ́ṣin àti igba ọlọ́kọ̀ gbéra pẹ̀lú Pọ́ọ̀lù lọ sọ́nà Kesaríà. A kò tún gbọ́ nǹkan kan nípa ọmọ náà mọ́.

Ẹ kíyè sí ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ náà gbà. Kò gbé e lọ sí ọjà. Kò fi ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn kí wọ́n lè bá a gbàdúrà sí i. Ẹni tí ọ̀ràn kàn ló kọ́kọ́ sọ fún, lẹ́yìn náà ẹni tó ní agbára láti ṣe nǹkan sí i, ó sì pa ẹnu mọ́. Mélòó nínú àwọn ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ la ń mú gba ọ̀nà yẹn?

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ sọ ọ́ di iṣẹ́ kan tó ní orúkọ àti ọjọ́

Ibí ni ẹ̀kọ́ Bíbélì wa ti sábà máa ń kú. A ó ní, “Ẹ jẹ́ ká máa ṣàánú fún ara wa,” a ó ṣe àmín, a ó lọ sílé. Ẹ má gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ ó kọ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ní orúkọ ènìyàn kan nínú, kó ní ọjọ́ tí kò kọjá ọ̀sẹ̀ kan, kó sì jẹ́ ohun tí ẹ lè ṣe láìtọrọ àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ wo Ónésífórù (2 Tímótì 1:15-18). Pọ́ọ̀lù ní gbogbo àwọn tó wà ní Éṣíà ti yí padà lẹ́yìn òun. Éfésù, níbi tí Ónésífórù ti ṣe ìránṣẹ́ púpọ̀, sì wà ní Éṣíà yẹn. Àárín àwọn tó yí padà yẹn ni ọkùnrin yìí ti jáde wá, nígbà tó sì dé Róòmù, ó fi ìtara wá Pọ́ọ̀lù títí ó fi rí i. Ọ̀rọ̀ náà wà nínú “wá.” Ẹ̀wọ̀n Pọ́ọ̀lù kò tì í lójú, ó sì tù ú lára nígbà púpọ̀, kì í ṣe lẹ́ẹ̀kan. Bí òun bá ni ẹ ń kà, “mo fẹ́ máa bẹ àwọn ènìyàn wò” kò tó láti kọ sílẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tí nọ́ńbà fóònù rẹ̀ kò lọ mọ́, tí kò wá sí ìpàdé mọ́ láti ìgbà tí ìtìjú kan ti bá a, kí ẹ sì kọ ọjọ́ tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Lẹ́yìn tí ẹ bá rí i, ẹ kọ ọjọ́ kejì sílẹ̀.

Bó bá jẹ́ Tátíù ni, ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ lẹ́tà sí àwọn ará Róòmù bí Pọ́ọ̀lù ṣe ń sọ ọ́ (Róòmù 16:22), iṣẹ́ náà lè jẹ́ kíkọ lẹ́tà tàbí fífi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, kò sì yẹ ká fi àlàyé sọ ọ́ di ńlá.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ má ṣèlérí èrè tí a kò kọ

Bí ẹ bá jẹ́ olùkọ́ni, ẹ dúró níbí dáadáa. Ìtàn Ebedi-Meleki parí sí ìgbàlà. Ẹ lè rò pé bó ṣe máa ń rí nìyẹn, títí ẹ ó fi ka Jeremáyà 26:20-24. Ùráyà ọmọ Ṣemáyà, ará Kíríátì-Jéárímù, sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà tí Jeremáyà ń sọ. Ó sá lọ sí Íjíbítì. Jèhóákímù rán ènìyàn lọ mú un, ó fi idà pa á, ó sì sọ òkú rẹ̀ sí ibojì àwọn mẹ̀kúnnù. Ẹsẹ tó tẹ̀ lé e ní Áhíkámù ọmọ Ṣáfánì dúró ti Jeremáyà, wọn kò sì rí i pa. Iṣẹ́ kan náà, Ọlọ́run kan náà, ọba kan náà. Bíbélì kò ṣàlàyé ìdí tí ọ̀kan fi kú tí èkejì fi yè. Ẹ̀yin náà ẹ má ṣàlàyé rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n rán láti lọ mú Ùráyà wá ni Élínátánì ọmọ Ákíbórì. Ẹ rántí orúkọ yẹn nígbà tí ẹ bá dé orí 36:25: Élínátánì wà lára àwọn tó bẹ ọba pé kó má sun ìwé Bárúkù. Ọkùnrin tó lọ fa wòlíì kan wá síbi ikú ló ń bẹ̀bẹ̀ fún ìwé wòlíì mìíràn. Mi ò mọ ẹni tó dára fún ìjíròrò jù ú lọ, pàápàá fún àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run.

Jósẹ́fù Básábà, tí wọ́n ń pè ní Jọ́sítù, tún wà níbẹ̀ (Ìṣe 1:21-26). Ohun tí wọ́n ń wá lára ẹni tí yóò rọ́pò Júdásì ni pé kó ti wà pẹ̀lú wọn láti ìgbà ìrìbọmi Jòhánù títí di ọjọ́ tí a gbé Jésù sókè. Jósẹ́fù yege. Kèké wá mú Màtáyà. Bí a bá ní ká sọ òtítọ́, Májẹ̀mú Tuntun kò tún dárúkọ Màtáyà mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀ ni kò dárúkọ Jósẹ́fù. Nítorí náà, ẹ má sọ fún ẹni tí wọn kò yàn sípò pé ipò tó ga ju ìyẹn lọ ń bọ̀. Ẹ sọ fún un pé ohun tó mú kí wọ́n fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀ ni gbogbo ọdún tó ti ń tẹ̀ lé Jésù láìní ipò.

Bí ẹ bá ń fi kọ́ àwùjọ

Ẹ má dárúkọ ẹni náà kí ẹ tó kà á. Ẹ kà á lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹlòmíràn ka èkejì. Ẹ jẹ́ kí àwọn ènìyàn kọ́kọ́ sọ ohun tí wọ́n rí, kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohun tó rò. Bí ẹnìkan bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí kò sí níbẹ̀, ẹ bi í jẹ́jẹ́ pé ẹsẹ wo ni. Ìpàdé kan, ènìyàn kan. Nígbà tí ẹ bá tún pàdé, ẹ kọ́kọ́ bèèrè bí iṣẹ́ tí kálukú kọ sílẹ̀ ṣe lọ, ẹ má sì fi ojú ti ẹni tí kò tíì ṣe é.

Ẹ máa fi ẹni burúkú kan sí àárín wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Díótíréfè inú 3 Jòhánù 9-10 dára fún àwọn adarí: ó fẹ́ràn láti jẹ́ ẹni àkọ́kọ́, kì í gba àwọn ará, ó sì ń lé àwọn tó bá fẹ́ gbà wọ́n kúrò nínú ìjọ. Kí olùkọ́ kọ́kọ́ fi ara rẹ̀ sínú dígí yẹn kó tó na ọwọ́ sí ẹlòmíràn.

Bí ẹ bá ti ṣe tán lọ́dọ̀ àwọn tí mo dárúkọ, Básíláì ará Gílíádì ni mo máa ní kí ẹ kàn (2 Sámúẹ́lì 17:27-29 àti 19:31-39). Nígbà tí ẹ bá ń ka àkójọ ohun tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé wá fún Dáfídì ní Mahanáímù, ẹ kíyè sí i pé ibùsùn ló ṣáájú, oúnjẹ ló tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà, ẹ gbọ́ bó ṣe kọ ìpè ọba lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, tó sì fi Kímúhámù sí ipò ara rẹ̀. Àwọn àgbà inú àwùjọ yín yóò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ sọ. Fún àwọn ọmọdé, ẹ lo ọmọbìnrin kékeré tó ń sin ìyàwó Náámánì (2 Àwọn Ọba 5:2-3). Ẹ má sì fi Rísípà inú 2 Sámúẹ́lì 21 bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹnikẹ́ni. Ìtàn rẹ̀ wúwo, ikú ọmọ wà nínú rẹ̀. Ẹ kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ nínú àwùjọ yín kí ẹ tó ṣí ojú ìwé náà, bó bá sì wà, ẹ lọ bá a sọ̀rọ̀ ṣáájú ìpàdé kó lè yàn bóyá òun fẹ́ wà níbẹ̀.